Gàrí Tí Mo Fi Ń Wo Inú Rírun ní Ṣáínà

Súpánà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí nǹkan náà kọ́kọ́ ta mí. Abẹ́ igbá àyà gan-an, bí ìgbà téèyàn fi ata ra ojú egbò. Mo dúró. Ó tún ta mí. Kí lèyí? Èmi tí mo ń dá gbé àpò gàrí sórí ọkọ̀ ní Làlúpọn, táwọn tó jù mí lọ ń wò mí!

Ṣáínà ni mo wà, mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, irú èyí tí bàbá mi fi ń lọ gbágùúdá. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé tí n bá dé, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀rọ lọ Ìbàdàn mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì ti kìlọ̀: ẹni tó bá ń pa iṣẹ́ ọwọ́ jẹ, ilé ló ń lọ. Ojú wo ni màá fi wọ Làlúpọn?

Oúnjẹ àárọ̀ wọn ló kọ́kọ́ sú mi. Ìrẹsì tí wọ́n sè títí ó fi yòrò, kò ní ṣúgà, kò ní iyọ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi sè bíi mọ́ínmọ́ín! Lín, tá a jọ ń gbé yàrá, á pè mí, èmi á ní, "Jẹ tìẹ jàre." Mo ní gàrí tí Mọ́mì dì fún mi. Gàrí kíkan, omi tútù, ẹ̀pà. Ìyẹn ti tó mi.

Tí inú bá ti ta mí, màá bu gàrí mu. Á rọlẹ̀ díẹ̀, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Tó bá tún dé, màá tún bu òmíì. Mo ń rù, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi, mo ṣì ń ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ tí ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà lẹ̀rù tó bà mí. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀, kó sáré lọ sílé ìwòsàn: ẹ̀jẹ̀ ni, inú ló ti ń wá.

Ìjókòó ilé ìwòsàn yẹn nìkan tó àìsàn! Wọ́n ń pe nọ́ńbà, mi ò gbọ́ èdè, Lín ló ń gbọ́ ọ fún mi. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun mi, mo ń bì láìní nǹkan tí mo fẹ́ bì. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni: egbò ti dá sí ara àpòlúkù, níbi tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Kòkòrò kan ló dá a, gàrí kíkan wá ń ta á. Dókítà fún mi lóògùn tó ń pa kòkòrò àtèyí tó ń dín omi kíkan inú kù. Ó ní kí n máa jẹ ìrẹsì yíyòrò láàárọ̀.

"Ìrẹsì yẹn?"

Lín bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì yẹn gan-an."

Mo pe Mọ́mì.

"Dámọ́lá, gàrí lo fi ń wo inú rírun?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ dì í fún mi."

"Mo dì í fún ẹ kó o máa mu ún lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ! Kí ni mo máa ń fún ẹ láàárọ̀ nílé?"

"Ògì."

"Kí ni wọ́n wá gbé síwájú ẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Ògì ìrẹsì."

"Olórí kunkun! Màá gbààwẹ̀ fún ẹ." Ọmọ ìjọ Kérúbù ni wọ́n.

"Ẹ bá mi gbà á, Mọ́mì. Èmi ò gbọdọ̀ fi inú sílẹ̀ lófìfo."

Bí mo ṣe ń fajú ro jẹ ògì ìrẹsì nìyẹn. Ìyá tó ń tà á lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ rí i pé mò ń rù, ó ń fi ẹyin sí i fún mi, tí n bá pẹ́, á jágbe mọ́ mi bíi Mọ́mì. Ìrora náà ò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń dín kù, ó ń padà wá, títí mo fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mi ò rántí ìrora ọ̀hún mọ́. Wọn ò dá mi padà sílé. Mo ti ń tú ẹ̀rọ, mo sì ń tò ó.

Mo rò pé ara ò lè sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá ní kó sọ ọ́. Irọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó pariwo títí mo fi gbọ́.

Gàrí tó kù? Mo kó o fún Lín. Ó ń mu ún lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Inú bí mi, mo sì bu ògì ìrẹsì mi sẹ́nu.