Alágbàtọ́ Kejì

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, baba olóríkunkun ni. Èmi, bàtà ni mò ń tún ṣe. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, kò sì sóhun tí ò kàn mí níbẹ̀. Àtìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àga méjì ló ṣì máa ń gbé síta láràárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó sí ìkejì. Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ gbèébú.

Ìyàwó yìí ló kọ ètò kan tó ń sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ràgàjì, nítorí ojú ìyá rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Orí Linux kékeré, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí kì í ni kọ̀ǹpútà ògbólógbòó lára, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọkọ wá ń fẹ́ láyé kò ju pé kí ètò náà wọ àkójọ ètò tí wọ́n ń pín fáwọn tó ń lo Linux, kí orúkọ ìyàwó má bàa parẹ́.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣe irú Linux bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu: gbé e wá, a ti gbà á. Ó gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó kí i. Kò pé oṣù kan tí ẹnì kan tá ò mọ̀ rí fi gbé ètò tirẹ̀ lé e lórí, ló bá di pé orúkọ ìyàwó poora. Baba ò jẹun lọ́jọ́ náà. Inú bí èmi náà débi pé mo fi òòlù gbá ìka ara mi.

Ló bá kọjá sí ẹgbẹ́ kejì. Háà! Àwọn yẹn le koko. Obìnrin tó ń yẹ ètò wò níbẹ̀, tá a sọ ní Ìyá Òfin, dá a padà lẹ́ẹ̀márùn-ún: àlàyé ò tó níbí, ìlà yìí gùn jù. Baba ń bú u, ó ń tún un ṣe. Ká sòótọ́, lẹ́tà obìnrin náà nìkan ló ń wọlé fún un.

Ó wá ku òfin kan: ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́ méjì tí á máa tọ́jú rẹ̀, pé bí ọ̀kan ò bá sí, èkejì á wà. Mo ní kó fi mí sí i.

"Ìwọ tó ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà?"

Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí i. Ẹ gbà mí o, òkú wo ló ń ṣe alágbàtọ́?

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, ó pè mí. Ìyá Òfin ti kọ̀wé: "Ọ̀gá, a ti kọ̀wé sí alágbàtọ́ yín kejì lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò fèsì. Bí wọn ò bá fèsì, a ò lè gbà á."

"Mo lè bá a fèsì," ni baba wí. Ó ṣí àpótí lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ó tẹ̀ "Mo wà," ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ló bá bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kàn ń wo bàtà ọwọ́ mi.

Nígbà tó yá, ó padà sí àpótí tirẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Ìyàwó mi ni. Ó ti kú. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Ó di Ọjọ́ Ajé kí èsì tó dé. "Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀gá. Ẹ yọ orúkọ wọn kúrò nípò alágbàtọ́. Òfin ò yí padà. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà ẹni tó ṣe é. A kì í retí èsì níbẹ̀. Alágbàtọ́ kejì: èmi."

"Obìnrin burúkú," ni baba wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ìlà náà ṣe, ó fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kejì sọ́dọ̀ mi.

"Ṣúmékà, jókòó."