Ẹni Tó Ń Ṣí Fèrèsé

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìjurin ìlú wa, tí wọ́n ti fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì pa, nọ́ọ̀sì àgbà wa ni yóò dìde lọ ṣí i.

"Ẹ̀yin ará, ṣé mọ́ínmọ́ín lẹ̀ ń sè tí ẹ fi dé e pa báyìí? Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé kòkòrò ikọ́ jáde!"

Nígbà tí ikọ́ fée mú mi, òun ló ń wò mí bí mo ṣe ń gbé oògùn mì. Bí ikọ́ náà ti dáwọ́ dúró, mo ní mi ò lo oògùn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ayọ̀, kòkòrò ikọ́ yìí kì í sá fún àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ọ̀tá gan-an ló máa ń dì mú. Wọ́n á gbé e mì, òun á sì fi inú wọn ṣe ilé. Ikọ́ ti lọ, ẹni tó gbé e wá ò tíì lọ. Ẹ gbé oògùn yín mì jàre!"

Mo lò ó parí.

Nọ́ọ̀sì náà ti fẹ̀yìn tì, ó ti kó kúrò nílùú báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n tún ti fèrèsé pa, ẹnìkan sì ń húkọ́ lẹ́yìn mi. Àwọn kan ò tíì jókòó tì mí láti ìgbà àìsàn mi, ẹ̀rù ẹnu wọn sì ń bà mí. Mo dìde, mo ṣí i.

"Ẹ tì í o, òtútù ń mú wa!" làwọn kan ké.

Mo fẹ̀yìn ti fèrèsé náà, mi ò kúrò níbẹ̀ títí a fi ka Oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn.