Sítáàṣì Aṣọ Ọ̀gbọ̀ Bàbá Mi

Ní àárọ̀ Sátidé tí ayé wa dà rú, sùútù Bàbá mi wà lórí okùn. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun ni, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní línìn. Ó ti dá a kó tó fẹ́ Ìyá mi, láyé tí tíṣà tí kò bá ní ọ̀gbọ̀ kò tíì di tíṣà. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Manchester, ẹ máa ń wọ ọ̀gbọ̀ tó rún bí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ kù, ẹ ní sítáìlì ni. Nígbà náà, ìtìjú ni. Ìyá mi a máa rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó ti po búlúù ìfọṣọ mọ́, títí sùútù náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá lọ sí iléèwé láìsí Bàbá nínú rẹ̀.

Ìbọn dún lọ́nà odò. A rò pé ọdẹ ni. Òmíràn dún, lẹ́yìn náà ariwo gba ìlú. Ó ti pẹ́ tí ìlú wa àti ìlú kejì ti ń jà sí ilẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìkankan: ọmọ ìlú kejì ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, mi ò sì fẹ́ padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ìyá mi pọn Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ó sì gbé àpò ẹlùbọ́. Bàbá já sùútù lórí okùn. A sá wọ oko kòkó, a sá pamọ́ sínú ahéré kan.

Nígbà tí Ìyá tú àpò, kì í ṣe ẹlùbọ́. Sítáàṣì gbígbẹ ni, aláwọ̀ búlúù. Ó jókòó sílẹ̀ gbì. Kò sí oúnjẹ mìíràn. Nígbà tó yá, Bọ́sẹ̀ ò sunkún mọ́, èyí ló dẹ́rù bà wá jù.

Ìyá ní, "Màá ro ó fún un."

"Sítáàṣì mi? Ìyá Délé, kí ni màá fi tọ́jú aṣọ yìí? Ṣé kí n wọ ìlú padà bí ẹni tí wọ́n lé ni?"

"Bàbá Délé, wọ́n lé wa kẹ̀! Ṣé kí ọmọ kú, kí aṣọ le?"

Bàbá jáde lọ ṣa igi wá fúnra rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Gbogbo wa jẹ ẹ́. Bàbá yọ ahọ́n, búlúù ti kùn ún bí ara akọ alángbá. Èmi náà yọ tèmi. Ẹ̀rín pa wá.

"Ẹ rọra!" ni Ìyá ń sọ, òun náà ń fọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n á gbọ́ wa!"

Bí a ṣe ń bù ú jẹ nìyẹn títí àpò fi ṣófo. Sùútù di ẹní Bọ́sẹ̀.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà la ìjà, a padà wálé. Kò sí ìró odó, kò sí ìgbe ewúrẹ́. Òrùlé wa ti jóná. Àwọn tó ṣẹ́ kù jókòó lẹ́bàá ògiri. Bàbá gbé sùútù wọ̀, ó sì rìn gba àárín wọn bí ẹni tó ń lọ fún ìwé kíkà.

Arúgbó kan tó múlé tì wá wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Tíṣà, ṣé màlúù fi yín jẹ àpọ̀jẹ ni?"

Bàbá nawọ́ sí ẹ̀yìn Ìyá. "Ẹ bi Bọ́sẹ̀ o. Òun ló jẹ sítáàṣì mi."

Ẹ̀rín tó kọ́kọ́ dún ní àdúgbò wa lẹ́yìn ogun nìyẹn.

Bàbá ti lọ. Sùútù wà lọ́dọ̀ mi ní Longsight, ní Manchester níbí. Láìpẹ́ yìí, Tómi ọmọ mi fẹ́ wọ kóòtù sùútù náà lọ sí ìdúpẹ́, ó ti ki áyọ́nù bọ iná. Bọ́sẹ̀ wọlé láti ilé rẹ̀ ní Openshaw, ó yára yọ ọ́.

"Má lọ̀ ọ́."

"Àǹtí, ẹ wò ó, ó ti rún jù!"

"Mo mọ̀," ni Bọ́sẹ̀ wí, ó ń fọwọ́ pa á. "Èmi ni mo jẹ ohun tí ìbá mú un le."