Ọwọ́ Òsì Nídìí Agbada Gàrí

Òórùn gàrí tó ń gbẹ nínú agbada ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà ọyẹ́. Ó máa ń kan díẹ̀, èéfín igi á pò mọ́ ọn, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Èsìẹ́ á sì tutù bí omi àmù lábẹ́ ẹsẹ̀. Màámi á ti jókòó sórí àpótí kékeré, àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á máa fi ro gàrí, wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún fi kó o jọ. Bí agbada kan bá ti gbẹ, wọ́n á dà á sórí ọ̀rá, wọ́n á sì bu tútù mìíràn sí i. Títí ìrọ̀lẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ yóò rántí ohun tí ojú ọlọ́wọ́ òsì máa ń rí. Òsì ni wọ́n bí mọ́ mi. Bí mo bá nà án sí oúnjẹ, Màámi á gbá a, wọ́n á ní: "Ọ̀tún ẹ dà?" Bí mo bá fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìtìjú gbogbo ilé ni. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi tí a jọ ń gbé, tilẹ̀ fi ọ̀já so ó mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà oúnjẹ fún odindi oṣù kan. Mi ò bínú sí wọn. Wọn ò fẹ́ kí aráyé máa pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀tún ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan níwájú èèyàn, àmọ́ òsì ṣì máa ń yá jù ú lọ bí mi ò bá ṣọ́ ọ.

Ọdún yẹn ni ọwọ́ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á jí, wọ́n á máa gbọn ọ̀tún wọn bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. Wọ́n ní ó kú, wọ́n ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n sùn lé e ni. Wọ́n fi òrí gbígbóná wọ́ ọ, wọ́n ya aṣọ, wọ́n sì fi di ọrùn ọwọ́ náà pinpin kí ìrora má bàa rìn dé apá. Bí wọ́n ṣe ń dì í tó ló ń kú sí i, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ronú kan títú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Màámi ń fi pa mọ́. Mo rí i tí wọ́n fi eyín tú okùn àpò gàrí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn de bọ́tìnnì bùláòsì, wọ́n ní ojú ló ń yún àwọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ojú. Mo dè é, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sátidé kan, igbá já bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú agbada. Wọ́n mú un, ó tún já bọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ìka náà ò pa dé mọ́. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Màámi kò pariwo, wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ọ̀hún, omi ń dà lójú wọn. "Fọlákẹ́, ọwọ́ mi ti lọ o. Kí ni mo fẹ́ fi máa tọ́jú yín?" Mi ò rí ẹkún ìyá mi rí ṣáájú ọjọ́ náà, ó sì dá mi níjì. Mo he igbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gàrí. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó rí i pé òsì ni mo fi ń rò ó.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i. "Hà! Fọlákẹ́! Ta ló fẹ́ jẹ gàrí tí wọ́n fi òsì yan?"

Màámi nu ojú, wọ́n fi òsì tiwọn bu díẹ̀ nínú gàrí náà, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n dà á sẹ́nu. Wọ́n kúnlẹ̀. "Èmi ni mo máa jẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ má bínú." Mi ò gbọ́ kí Màámi dá Ìyá Àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ọ̀tún tó wà lórí itan Màámi, ojú wọn rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàámi fi ọ̀kadà gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé iṣan kan gba ọrùn ọwọ́ kọjá, pé kíká ọwọ́ kò síbi kan náà láti àárọ̀ dalẹ́ ló mú ibẹ̀ wú tó fi ń fún iṣan náà, aṣọ tí a dì sì tún dá kún un. Ó ní kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n fi pátákó pẹlẹbẹ gbé ọwọ́ ró bí wọ́n bá ń sùn. Bí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n wá àpótí tó ga, kí wọ́n sì máa sinmi díẹ̀ bí agbada kọ̀ọ̀kan bá ti gbẹ, kí wọ́n máa la ọwọ́, kí wọ́n máa pa á dé. "Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́, Màmá. Méjì l'Ọlọ́run fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ní kí n kọ́ àwọn bí a ṣe ń fi òsì ro gàrí. Gàrí ń fọ́n ká sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ. Wọ́n gbàgbé, wọ́n tún fi ọ̀tún mú igbá. Ó bọ́ lẹ́nu mi: "Màámi, òsì yín dà?" Mo fọwọ́ bo ẹnu kíá. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí. Ọwọ́ náà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi fún aṣọ tútù lójoojúmọ́ kó lè lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtàǹpàkò yẹn ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ títí dòní.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ń jókòó sí ní Ìlọrin. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀tún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: èmi náà fi pa mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo wá yíjú sí òsì, kò mọ nǹkan kan mọ́, ṣíbí ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní: "Àwa la gbà á lọ́wọ́ ẹ, Fọlákẹ́. Dárí jì wá." Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni, ó dùn mí.

Òsì ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ti ń ṣiṣẹ́ kó tó rántí pé èèwọ̀ ni. Láàárọ̀ yìí, èmi àgbàlagbà jókòó, mo ń fi òsì kọ orúkọ ara mi. Ó tóbi, ó wọ́, lẹ́tà kan ń ti èkejì. Mo wò ó títí, mo sì mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kí wọ́n tó gba òsì lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni òsì mi ti dúró dè mí láti ìgbà èwe mi.