Ọ̀sẹ̀ Gàníyù

Ariwo ọmọbìnrin mi ló gbé mi dìde lórí àga ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, nílé wa ní Wuye, l'Ábújá. Ó ṣí géèmù tó ti ń gbá láti ọdún tó kọjá, ó sì bá a pé gbogbo ohun tó kọ́ sínú rẹ̀ ti pòórá. "Daddy, Halima ni! Òun nìkan ló mọ password mi!" Ó ti gbé fóònù láti fi èébú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yẹn, Kwali ni ọkàn mi sá lọ.

Ní Kwali tí mo dàgbà sí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé Gàníyù, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan láti Ìlọrin. Àwa méjèèjì ní ẹ̀rọ géèmù, ṣùgbọ́n káséètì kan ṣoṣo tó dùn la ní, àjọrà sì ni. Ọ̀sẹ̀ kan nílé wa, ọ̀sẹ̀ kan nílé wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sunday la máa ń fi lé ara wa lọ́wọ́. Inú ìkòkò amọ̀ kékeré la ń tẹ́ ẹ sí, kó lè máa tutù, torí a ti fẹnu kò pé ooru ló ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi wá ìkòkò iyọ̀ rẹ̀ títí, ó sú u.

Sunday kan, káséètì dé láti ilé wọn. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu bí a ti máa ń ṣe, mo tì í bọ inú ẹ̀rọ. Gbogbo ibi tí a ti fi odidi ìsinmi gbá a dé ti lọ. Mo sáré lọ bá Gàníyù nílé wọn.

"Ìwọ lo pa á rẹ́!"

"Wallahi, mi ò pa nǹkan kan rẹ́."

Mi ò gbà. Nígbà tó kan ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó na ọwọ́. Mo ní káséètì ò ní dé ilé wọn mọ́. Kò bá mi jà, ó kàn yíjú padà. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Ìlọrin, mi ò sì rí i mọ́.

Ọdún gorí ọdún kí ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tó tú káséètì náà lójú mi. Ó fi bátìrì kan hàn mí tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. "Èyí ló ń bá a rántí nǹkan. Ó ti kú tipẹ́." Ẹ̀rọ ló gbàgbé, ọ̀rẹ́ mi ni mo dá lẹ́bi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, géèmù yín kò sí lọ́wọ́ yín rárá. Orí ẹ̀rọ àwọn tí ẹ ò mọ ilé wọn ló wà. Tí wọ́n bá tì í pa, ta lẹ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé ọ̀rẹ́ yín.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ní kó lọ kí Halima ná, kó má bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó máa di ọ̀sán, àwọn méjèèjì ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìkòkò iyọ̀ ìyá mi sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Káséètì ṣì wà nínú rẹ̀, mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Àárò Gàníyù ń sọ mí. Láti ọjọ́ tó ti na ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, inú ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ la ṣì wà.