Ìyá Ramlah àti Òkè Tó Wó Lórí Ẹní

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé òkè ti wó. Kì í ṣe òkè olókùúta o, ẹ fọkàn balẹ̀. Òkè tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ìyeyè hun sára aṣọ òfì ni. Àwọn ará Ṣakí kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì ní kí Ìyá Ramlah ní Ìsẹ́yìn níbí bá àwọn hun aṣọ ńlá kan tí wọn ó ta sẹ́yìn ìtàgé. Ọgọ́ta ìbú ni aṣọ náà gbà. Ìbú ni à ń pe aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń jáde lórí òfì, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èmi Fadékẹ́ ni télọ̀ tó ń rán wọn pọ̀. Ẹni tó bá hun ìhunkúhun, ọwọ́ mi ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo èèyàn láṣìírí.

Ìyá Ramlah fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà sínú ìwé ọmọ rẹ̀. Tí a bá to ọgọ́ta ìbú síra, Òkè Asabari ti Ṣakí ni yóò yọ: yóò bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, yóò máa gòkè, yóò sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó dùn ún wò nínú ìwé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo to ogún ìbú àkọ́kọ́ sórí ẹní ní ṣọ́ọ̀bù mi, eyín arúgbó ni mo rí. Ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta ò mọ ibi tó ń lọ. Mo figbe ta.

"Yéè! Ìyá Ramlah, wá wo ohun tí àwọn ọkùnrin rẹ hun!"

Ó sáré wọlé, ó wò ó, ó tú gèlè rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo mọ̀ pé tó bá ti tú gèlè báyẹn, ọ̀rọ̀ ti burú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́. Àwáwù lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe elégbè lẹ́yìn Alhaja Misturat, ìyá kan tó ń kọ wákà ní Ṣakí, kó tó fẹ́ Samsudeen tó ni àtíbàbà òfì ní àdúgbò wa. Nígbà tó bí Ramlah, ó fi orin sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ òfì lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Samsudeen kú. Ahunṣọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ẹnu àwọn èèyàn ò dákẹ́: obìnrin olórin ni yóò wá máa ṣe ọ̀gá ọkùnrin mẹ́sàn-án? Àwọn ahunṣọ náà ò lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kan wà nílé, ìkan wà lóde. Àtíbàbà ńlá kan tó wà ní òdìkejì títì ti ń pè wọ́n. Tí iṣẹ́ Ṣakí yìí bá bàjẹ́, wọ́n á kó ẹrù wọn sọdá, àtíbàbà Samsudeen á sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ìyá Ramlah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa wàhálà náà. Bàbá Ládòkun ló dàgbà jù láàárín àwọn ahunṣọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún nídìí òfì, etí wọn sì ti di, tàbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa gbà. Mojeed ní tirẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì máa ń hun aṣọ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni àwọn ará Ṣakí fún wa. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, Mojeed ti hun ìbú mẹ́ta, Bàbá hun méjì. Ni Mojeed bá ní tí a bá ń dúró de Bàbá, a ò ní parí láéláé. Ìyá Ramlah fẹ́ ṣe ọ̀gá. Ó bọ́ síwájú gbogbo wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé."

Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n sì lọ.

"Ìyá Ramlah, èyí ò dáa o," ni mo sọ fún un.

"Fadékẹ́, ọ̀gá ni mí. Ọ̀gá kì í bẹ̀rù àti sọ̀rọ̀."

Mo pòṣé, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni òkè wó lórí ẹní.

Ìyá Ramlah pe àwọn ahunṣọ jọ, ó pariwo mọ́ wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣé ó ní kí wọ́n ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá nígbà igba kí wọ́n tó fi òwú ìyeyè sí àwọn ìbú ẹsẹ̀ òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí kò sọ bẹ́ẹ̀? Mojeed fò dìde. "Wallahi, igba ni mo kà!" Kò purọ́. Gbogbo wọn ló kà á pé. Àmọ́ ọwọ́ ò dọ́gba. Ẹnì kan ń fi igi gbá òwú mọ́ra gan-in gan-in, ẹlòmíì ń gbá a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọwọ́ tó le láàárọ̀, ebi á ti mú un rọ̀ lọ́sàn-án. Igba ti Lámọrín á gùn ju igba ti Làkáṣègbè lọ.

Ló bá ra téèpù mẹ́jọ, ó pín in fún wọn. Inú mi dùn, mo ní ó ti bọ́. Kò bọ́ rárá. Aṣọ tó wà lórí òfì, fífà ni wọ́n fà á le. Tí o bá wọ̀n ọ́n níbẹ̀, ó dọ́gba. Tí o bá gé e sílẹ̀, kálukú á súnkì bó ṣe wù ú. Ọ̀sẹ̀ kẹta parí, mo tún to aṣọ sórí ẹní, òkè náà tún burú ju ti tẹ́lẹ̀. Mojeed dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òdìkejì títì. Mo rí i. Ìyá Ramlah náà rí i.

Ìgbà tí mo ń kó wọn kúrò nílẹ̀ ni mo rí nǹkan. Ìbú méjì wà níbẹ̀, ti ẹsẹ̀ òkè, tí mo gbé léra wọn tí ọ̀kan kò fi ẹyọ òwú kan yọ ju ìkejì lọ. Mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Òkè ń bá òkè lọ, ìdí ń bá ìdí lọ. Mo wo ìdí wọn, mo rí òwú pupa tí wọ́n ta ní kókó. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ta òwú pupa sí ìdí aṣọ rẹ̀ ní àtíbàbà yẹn.

"Ti Bàbá Ládòkun ni méjèèjì," ni mo wí. "Ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀kan níparí. Ọwọ́ bàbá yìí ò yẹ̀ rárá."

Ìyá Ramlah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé aṣọ méjèèjì lé itan, ó ń fọwọ́ pa wọ́n. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí. Ó ní wọ́n lọ kọrin ní Kíṣí lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Èrò ń pariwo. Ẹ̀rù ba àwọn elégbè, wọ́n ń ké bí adìyẹ tí àwòdì rí, kálukú ń sáré tirẹ̀. Alhaja Misturat pa ẹnu dé. Ó kẹ̀yìn sí èrò, ó dojú kọ ìyá àgbà kan tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ìyá náà. Àwọn elégbè náà wo ibi tó ń wò. Kò pẹ́, ohùn wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí ọwọ́ yẹn, ó di ọ̀kan, àwọn èrò sì gbà á lẹ́nu wọn láìsí ẹ̀rọ kankan.

"Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀," ni Ìyá Ramlah wí, "Alhaja ní ẹni tó ń lé orin kọ́ ló ni orin. Ó ní ibikíbi tí a bá dé, ká kọ́kọ́ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀, ká gbé orin lé e." Omi lé sí i lójú. "Fadékẹ́, mo lé oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi lọ sílé."

Kí n tó dá a lóhùn, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì la dé ilé Bàbá Ládòkun. Bàbá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn obìnrin agboolé ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá Ramlah kúnlẹ̀, ó rọra sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín."

Bàbá fọwọ́ sí etí. "Sọ ọ́ sókè."

"Mo ní mo ṣẹ̀ yín, sà."

"Sọ ọ́ sókè."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ojú ń tì í, gbogbo agboolé ti ń wò wá. Àmọ́ mo rí i tó fa èémí sínú. Ohùn tó wá jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti bí Ramlah. Ohùn orin ni. "Bàbá Ládòkun! Mo ṣẹ̀ yín! Ọwọ́ yín ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé, èmi ọ̀gá ni mi ò mọ̀! Ẹ dárí jì mí, ẹ padà wá!"

Àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí dáwọ́ dúró. Ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ tẹ bíréèkì. Bàbá mi orí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n na ọwọ́ sí fìlà wọn.

Ní ọjọ́ kejì, àárín gbùngbùn àtíbàbà ni wọ́n to òfì Bàbá sí, àwọn mẹ́jọ yòókù sì yí wọn ká. Aṣọ àtijọ́ la kó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfi méjì Bàbá. Ìyá Ramlah ní kí kálukú máa wo òǹkà ìbú tirẹ̀ nínú ìwé, òun ò ní ka òǹkà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tí igi Bàbá bá dún gbà, orí rẹ̀ ni òun ó gbé lílé sí, kí wọ́n fi ẹnu gbè é, kí wọ́n sì fi ọwọ́ gbá a.

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá," ni Mojeed wí, "àmọ́ kí wọ́n má lọ sọ pé a ti di ẹgbẹ́ olórin o."

"Tó bá di bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé kúrò," ni mo dá a lóhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ramlah bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbè é:

"Òkè ń bọ̀ wá sílé o."
"Ẹ jẹ́ ká rọra gbá a."
"Kò ní wó, kò ní yẹ̀ o."
"Ẹ jẹ́ ká rọra gbá a."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dà bí ọjà ìsọ̀ ewúrẹ́. Mojeed sáré ṣíwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń retí kí Ìyá Ramlah pariwo mọ́ ọn, ọwọ́ mi gan-an ti ń yún mi. Kò pariwo. Ó kàn gé orin dúró ni. Gbogbo àtíbàbà dákẹ́, igi Mojeed nìkan ló ń dún. Mojeed gbọ́ ara rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó dúró de Bàbá. Kò tún sáré mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ọjọ́ kẹta ni ó ṣẹlẹ̀! Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbọ́ "gbà!", mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń hun. Mo sáré jáde. Igi mẹ́sàn-án ni, wọ́n ń dún bí ẹyọ kan. Orí mi wú. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà dúró, wọ́n ń bá wọn gbè é. Àwọn ará òdìkejì títì pàápàá yọrí. Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ falẹ̀ o. Kò sí ẹni tó ń jà, kò sí ẹni tó ń tú ohun tó ti hun. Láàárín gbogbo rẹ̀, Bàbá Ládòkun ń hun tiwọn lọ jẹ́ẹ́, ojú wọn wà lára òwú. Ó ń dùn mí pé bàbá tó gbé orin náà dúró kò gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ tí mo to ọgọ́ta ìbú sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ò gbà á, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ la tẹ́ ẹ sí. Òkè Asabari gbéra láti òsì, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sí ibi tó já. Mo figbe ta lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ igbe ayọ̀ ni. Mojeed dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ládòkun, kò sì sí ẹni tó rán an.

Gbogbo wa la lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n fi bò ó já wálẹ̀, èrò hó yèè! Àwọn kan fò sórí àga. Olóòtú ètò ní kí ọ̀gá tó hun ún bọ́ síwájú. Ìyá Ramlah di ọwọ́ Bàbá Ládòkun mú, wọ́n jọ gun orí ìtàgé, èmi náà gbá tẹ̀lé wọn kí Bàbá má baà ṣubú. Mo rí i tó tẹ̀ sí etí Bàbá, tó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Bàbá, ẹ ṣeun."

Bàbá fọwọ́ sí etí. "Sọ ọ́ sókè."

Ìyá Ramlah wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lọ́wọ́ olóòtú ètò. Ó gbà á. "Ẹni tó gbé òkè yìí dúró rèé," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ Bàbá sókè. "Àwa yòókù, ègbè la gbè." Ló bá lé orin. Láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, Mojeed àti àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, gbà!, wọ́n gbè é, kò sí ẹni tó ṣíwájú ẹnì kejì. Gbogbo ilé gbà á. Mo sunkún, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo wà lẹ́yìn Bàbá, mo sọ ọ́ lábẹ́nú fún ara mi: "Ó mà ṣe o, bàbá yìí ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀."

Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. "Mo gbọ́, Fadékẹ́. Ti abẹ́ igi máńgòrò yẹn náà, ẹ̀ẹ̀kan tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni mo ti gbọ́."