Mi Ò Ní Fi Bọ́tìnì Àgbà Sínú Áàpù Mi

Ẹ bá mi di Ẹ̀gbọ́n mú o!

A dán áàpù tí mo ṣe fún iṣẹ́ gúrúùpù, níbi tí kálukú ti lè kọ èrò rẹ̀, wò ní kíláàsì l'Ákùrẹ́ lónìí. Bọ́lá ará Oda, tí kì í lanu láàárín wa, kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dàgbà jù nínú wa: "Mi ò fara mọ́ èyí."

Ojú Ẹ̀gbọ́n korò. Ó kọjú sí mi. "Ṣe bọ́tìnì tí màá fi máa pa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé rẹ́ sí i."

"Ẹ má bínú sà, mi ò ní ṣe é."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?"

"Rárá sà. Tí ẹ bá wọlé, màá kúnlẹ̀ kí yín. Ṣùgbọ́n nínú áàpù yìí, ẹ máa dá Bọ́lá lóhùn."

Ẹ̀yin tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ nínú gúrúùpù rí, ẹ sọ tẹnu yín síbí. Kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́.